Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: a máa ṣílẹ̀kùn ní Sátidé

Peckham, London
Ọjọ́ 2, oṣù Keje, 2020

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́ o, ẹ sì kú ewu. Ẹ̀yin tí àrùn Kòrónà yìí mú ẹni yín lọ, ẹ kú àráfẹ́rakù.

Láti ọjọ́ 20 oṣù Kẹta tí ìjọba ti ní kí gbogbo ilé ọtí àti ilé oúnjẹ tilẹ̀kùn ni àga wa ti wà lórí tábìlì. Ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ta gàrí àti iṣu nìkan ni a ò tì. Ní Sátidé, ọjọ́ 4 oṣù yìí, aago 12 ọ̀sán, ẹ̀gbẹ́ tí a ti ń jẹ tí a ti ń mu yóò ṣí padà.

Omi ni mo kọ́kọ́ mójú tó. Omi tó bá dúró sójú kan nínú páìpù fún oṣù mẹ́ta lè ní kòkòrò tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Mo ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi, títí dé ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ẹ̀yìn, mo jẹ́ kó máa ṣàn. Èyí tó kọ́kọ́ jáde pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Bíà inú kẹ́ẹ̀gì ti bà jẹ́, a dà á nù.

Tábìlì 14 la ní tẹ́lẹ̀, 7 ló kù. Kò sí ìdúró nídìí káńtà mọ́. Ẹ jókòó, àwa la máa wá bá yín. Abọ́ ìfọwọ́ tí a máa ń gbé kiri ò sí mọ́, ẹ̀rọ omi àti ọṣẹ wà lẹ́nu ọ̀nà. Orin náà á lọ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé fújì ò dùn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí orin bá ròkè, a ó máa pariwo ká tó gbọ́ra, itọ́ ẹni tó ń pariwo sì máa ń fọ́n jìnnà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé. Lẹ́nu ọ̀nà, a ó béèrè orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹnì kan nínú yín. Ọjọ́ 21 ni ìjọba ní ká fi tọ́jú rẹ̀, kí àwọn NHS Test and Trace, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń wá àwọn tó bá alárùn pàdé, lè pe àwọn tó wà níbẹ̀, bí àyẹ̀wò bá gbé Kòrónà jáde lára ẹnikẹ́ni.

Ẹnì kan pè mí lọ́jọ́ Ajé, ó ní, “Àǹtí, ṣé kì í ṣe Home Office lẹ fẹ́ fi orúkọ wa ránṣẹ́ sí?” Mi ò bínú sí i. Home Office ló ń fúnni ní ìwé ìgbélùú, mo sì mọ bó ṣe ń rí kéèyàn máa retí rẹ̀. A ò ní béèrè àdírẹ́sì, a ò ní béèrè páásípọ́ọ̀tù. Inú dúrọ́ọ̀ tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn mi ni ìwé tí a kọ orúkọ yín sí á wà, ojú ewé tó bá sì pé ọjọ́ 21, gígé wẹ́wẹ́ ni. Ẹni tí kò bá ṣì fẹ́, ká má jà: a ó di oúnjẹ rẹ̀ fún un lójú fèrèsé, kó gbé e lọ sílé.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, ènìyàn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Òfin ò tíì sọ ìbòmú di dandan níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, èyí tí ẹ fi wọ bọ́ọ̀sì, ẹ má tíì bọ́ ọ. Ẹ má tẹ iṣu wò káàkiri. Ẹ nàka sí i, àwa á gbé e.

Ẹni tó bá ń wúkọ́, tí ara rẹ̀ gbóná, tàbí tí kò gbóòórùn mọ́, kó jókòó sílé. Ẹ pè wá, a ó gbé ọbẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwa la ń wa bọ́ọ̀sì, àwa la ń tọ́jú arúgbó, àwa la wà ní wọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ a sì rí bí ikú yìí ṣe pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ. Ẹ mọ bàbá awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tó máa ń ní ká fi pọ̀ǹmọ́ méjì sí i. Oṣù Kẹrin ló lọ. Orí fóònù la ti wo ìsìnkú rẹ̀. Àga rẹ̀ yóò ṣófo ní Sátidé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má jókòó síbẹ̀.

Èmi ni,
Àǹtí yín ní ṣọ́ọ̀bù