Wọ́n tún fẹ́ wó Jingu

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Inú ló ń bí mi tí mo fi gbé bírò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kúrò ní Tokyo, mo mú ọmọ mi lọ sí Namba ní Osaka, kí n lè fi ibi tí ẹgbẹ́ Nankai Hawks ti ń gbá bésíbọ́ọ̀lù láyé ọjọ́sí hàn án. Ṣọ́ọ̀bù la bá. Ṣọ́ọ̀bù lókè, ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀. Ohun tó kù ni àmì kékeré tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí ẹni tó ń fi igi lu bọ́ọ̀lù ti máa ń dúró. Àwọn èèyàn ń gbé àpò ọjà kọjá lórí rẹ̀, wọn ò tilẹ̀ wolẹ̀. Ọmọ mi ní, “Dádì, ṣé gbogbo ẹ̀ nìyí?” N kò rí èsì fọ̀.

Jingu, pápá bésíbọ́ọ̀lù kan ní Tokyo, ló kàn tí wọ́n fẹ́ wó báyìí. Pápá Korakuen ní Tokyo ti lọ, Tokyo Dome rọ́pò rẹ̀ ní 1988. Pápá Hiroshima, tí wọ́n kọ́ ní 1957 síwájú ilé tí bọ́ǹbù átọ́míìkì fọ́, òun náà ti dàwátì. Jingu tí wọ́n ṣí ní 1926, tí Babe Ruth, gbajúmọ̀ agbábésíbọ́ọ̀lù ará Amẹ́ríkà, gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ní 1934, tí àwọn olólùfẹ́ Swallows, ẹgbẹ́ tó ń lo pápá náà, ti máa ń ṣí agbòòrùn kéékèèké jó nígbàkigbà tí ẹgbẹ́ wọn bá gba àmì ayò (òjò ò rọ̀ o, ayọ̀ ni), òun ni wọ́n ní ó ti gbó.

Ó gbó ju Koshien, pápá bésíbọ́ọ̀lù tó wà nítòsí Osaka, lọ ni? 1924 ni wọ́n ṣí Koshien! Ọdún 2 ló fi ju Jingu lọ, ó ṣì wà níbẹ̀ digbí. Àwọn aláṣẹ tó jókòó sínú ọ́fíìsì ń sọ pé àtúnṣe kò ṣeé ṣe láìdá ìdíje dúró. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: ilé gogoro ni wọ́n fẹ́ kọ́ sí àdúgbò yẹn.

Kí wọ́n ṣe é bí wọ́n ṣe ṣe Koshien. Láàárín 2007 sí 2010, ìgbà òtútù tí kò sí ìdíje ni wọ́n fi ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Bí ìdíje bá ti dé, wọ́n á dáwọ́ dúró, àwọn èrò á wọlé. Ìtàkùn ara ògiri rẹ̀ pàápàá kò ṣègbé. Wọ́n ti pín ọ̀gbìn rẹ̀ kéékèèké fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama káàkiri Japan ní 2000; nígbà tí àtúnṣe wá ń lọ, àwọn ilé ẹ̀kọ́ dá a padà wálé. Pápá tó dàgbà ju Jingu lọ ni wọ́n ṣe báyẹn fún, ẹ̀yin aláṣẹ!

Kí wọ́n sì bi àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì léèrè kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé.

Ní ti àwọn igi tó yí Jingu ká, Ryuichi Sakamoto olórin kọ lẹ́tà nítorí wọn kó tó kú ní 2023. Ní 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé wọn. Ìyẹn á gba lẹ́tà tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Tokyo