Ṣáì àti Tíì

Ọbáléńdé,
Èkó.

Bàbátúndé ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ìlú Lisbon ń gbè ọ́? Gbogbo ilé wà dáadáa. Ọ̀rọ̀ tí o kọ pé àwọn Potogí ń fi Haúsá béèrè tíì, torí pé "chá" ni wọ́n ń pè é, pa mí lẹ́rìn-ín gan-an. Kì í ṣe Haúsá o, àmọ́ o ò jìnnà sí òótọ́: ọmọ ìyá ni "chá" tiwọn àti "shayi" ti máì ṣáì ìsàlẹ̀ ilé wa.

Ṣáínà ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀. Bákan náà ni wọ́n ń kọ ọ́ níbẹ̀, pípè rẹ̀ ni kò dọ́gba. "Chá" ló wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn, ṣùgbọ́n "te" ni àwọn ará Fujian létí òkun ń wí. Èyí tó gba orí ilẹ̀ dé Páṣíà di "chay"; àwọn Lárúbáwá ní "shay", Haúsá sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Macau, ìlú kan ní Ṣáínà, ni àwọn Potogí tẹ̀dó sí ní 1557, "chá" ni wọ́n sì bá níbẹ̀. Àwọn Dutch ló gbé "te" wọ ọkọ̀ ojú omi, Gẹ̀ẹ́sì mú un lọ́dọ̀ wọn, àwa náà gbà á lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì.

Èyí tó tún dùn mọ́ mi ni pé ọmọ ọba Potogí, Catherine ti Braganza, tó fẹ́ Charles Kejì, ọba Gẹ̀ẹ́sì, ní 1662, ló sọ tíì mímu di fáàrí láàfin Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀ wọn ò gba "chá" ẹnu rẹ̀!

Àwa ará Èkó wá ṣe tiwa. Lánàá, máì ṣáì ń da omi gbígbóná láti kọ́ọ̀bù kan sí èkejì, ọwọ́ rẹ̀ lókè réré, mílíìkì ń hó. Mo ní kó fún mi ní tíì. Ó ní, "Lipton àbí Milo?" Kò sí ewé tíì kankan nínú Milo, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bá Màmá mi jiyàn? Ohunkóhun tó bá ti gbóná, tó ní mílíìkì àti ṣúgà, tíì ni lójú Màmá, èmi náà ò sì rí ohun tó burú níbẹ̀.

Wọ́n ń gbin tíì ní São Miguel, erékùṣù Potogí kan. Bí o bá rí i rà, fi páálí kan rán ẹni tó bá ń bọ̀. Màmá kí ọ.

Èmi ni,
Ṣẹ́gun