Lẹ́tà sí Màmá Àgbà, Pópó Àgùdà

Màmá Àgbà,

Wọ́n ti wó o. Mo gba òpópónà Bámgbóṣé kọjá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, páànù ni wọ́n fi yí ojú ilé wa ká. Alágbàṣe kan bi mí bóyá mo fẹ́ ra igi àjà, ó ní ojúlówó igi ni, ikán ò lè jẹ ẹ́.

Mo wá ibi tí mo fi ìṣó kọ orúkọ mi sí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ gbá mi létí lọ́jọ́ náà, ẹ po sìmẹ́ńtì sínú agolo mílíìkì, ẹ sì fi àtàǹpàkò yín rẹ́ ẹ. Ẹ ní àwọn tó ti Bàhíà ní Brazil padà wálé kò kọ́ ilé fún ọmọ tí yóò máa fi ṣe síléètì.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ Dòsùnmú, ọba Èkó àtijọ́, ni kò kúrò lọ́kàn mi. Gbogbo Jímọ̀ Rere, bí ẹ bá ti ń sẹ́ frejon, ẹ̀wà olómi àgbọn yẹn, ọba tó ti kú lẹ máa ń bá jà. Ẹ ní lọ́dún 1851 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu ìlú, Kòsọ́kọ́, ọba ìgbà yẹn, kúkú jà kó tó di èrò Ẹ̀pẹ́. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ ogun Prometheus dúró sójú ọ̀sà, Dòsùnmú sì fọwọ́ síwèé tó fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ 1861. Wọ́n ní àwọn á máa fún un ní 1,200 àpò owó ẹyọ lọ́dún. "Owó ẹyọ!" Ẹ ó pòṣé, omi àgbọn á ta sí mi lójú.

Lọ́jọ́ Àìkú tí wọ́n wó Ìlojo Bar ní 2016, ilé 1855 tí ìjọba ti sọ di ohun ìrántí láti 1956, ẹ ò jẹun alẹ́.

Ẹ̀yin náà ló wá tẹ̀ka fún oníṣòwò. Màmá, ọkọ̀ ogun wo ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tiyín?

Ó dáa, mo mọ̀ ọ́n. Òrùlé ń jò. Àwọn ọmọ yín ti ń pín yàrá lójú ayé yín. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọ́n bí ojú. Ẹ sì ní kí n bá yín ra ogún páànù, mo ní tóṣù bá parí. Oṣù mélòó ló parí lẹ́yìn ìyẹn? Ẹ ò tún bi mí mọ́, ìyẹn ló ń dùn mí jù. Ẹ̀ bá bú mi.

Ìkòròdú ni mo wà báyìí. Lándìlọ́ọ̀dù ti sọ owó ilé di ìlọ́po méjì, ó ní kí n fọwọ́ síwèé kó tó di ọjọ́ Àìkú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí n kẹ́rù. Abẹ́ ife tíì ni ìwé náà wà, ó ti ní àmì róbótó lára. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti mú báírò.

Mo ra ẹyọ kan nínú igi àjà yẹn. Ó gùn ju yàrá mi lọ, orí rẹ̀ yọ sí kọ́rídọ̀, àwọn aráalé ti ń kùn.

Ọmọ ọmọ yín