Lẹ́tà sí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà mi tẹ́lẹ̀

Ẹ̀yin tí a kò mọ ara wa rí,

Mo kí yín o. Ó dá mi lójú pé ẹ kò gbọ́ Yorùbá, bóyá ìdí nìyẹn gan-an tí mo fi lè jókòó sọ ọ̀rọ̀ yìí láìfi bò, nítorí ìtìjú díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Èmi ni mo ń lo ThinkPad T430 tí ẹ lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2022 ni màmá mi kó owó èésú rẹ̀ fún mi, tí mo gba Ìkẹjà lọ, tí mo sì rà á ní ₦95,000 lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó to kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ síwájú ìsọ̀ rẹ̀ bí ẹní to iṣu. Ó ní òun ti nù ún mọ́ tónítóní. Èmi náà gbà á gbọ́.

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá, ẹ̀rọ náà ló jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni orí ṣájà yín, irú rẹ̀ náà là ń lò níbí, nítorí náà ó wọ ojú iná yàrá mi wẹ́kú. Bí mo bá sì tẹ Shift mọ́ 3, àmì owó pọ́n-ùn ló ń jáde. Lẹ́tà A àti E ti pa rẹ́ lórí kíbọ́ọ̀dù, èyí kò yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọfà tó kọjú sísàlẹ̀ náà ti dán, mo sì máa ń bi ara mi léèrè irú ìwé gbọọrọ tí ẹ máa ń kà. Mo gbé e sí igun kan ṣoṣo nínú yàrá tí òrùlé kò ti jò.

Kíbọ́ọ̀dù yín mọ á, é, í, ó àti ú: bí a bá di bọ́tìnnì AltGr mú tí a tẹ fáwẹ́ẹ̀lì, àmì ohùn òkè yóò gorí rẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ ni kò mọ̀, àfi ìgbà tí mo fi àtẹ Yorùbá sí i. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ọ̀rọ̀ bíi «ọ̀rẹ́». Lẹ́tà mẹ́ta ni ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi yóò kà níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí Python, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kà á, 5 ló sọ, nítorí pé Unicode, àtòjọ tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà gbogbo èdè, ní ọ àti ẹ lódidi, àmọ́ kò ní ọ̀ àti ẹ́ lódidi, àmì ohùn dá wà lọ́tọ̀, ó kàn ń gun lẹ́tà lẹ́yìn ni. Bí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ bá tún ya àmì ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀, 7 ni yóò sọ. Bí a ó ṣe mú kọ̀ǹpútà kà á bí àwa náà ti ń kà á ni mo ń kọ lé lórí, mo sì ti parí orí mẹ́ta.

N kò ní purọ́ pé ìwé nìkan ni mo fi ẹ̀rọ yín ṣe. PES 2013, eré bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà, ni èmi àti ẹni tí a jọ ń gbé yàrá máa ń gbá lórí rẹ̀, ẹni tó bá fìdí rẹmi ló ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Láti òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà epo kan fò sókè láti ìsàlẹ̀ ₦200 dé nǹkan bí ₦500, eré náà kò ṣe eré mọ́.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 2025, àtìlẹ́yìn Windows 10 dópin, Windows 11 kò sì gba ẹ̀rọ tó ti dàgbà tó báyìí. Mo pinnu láti fi Ubuntu, ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows, sí i. Aago méjì òru ni iná dé, báàtìrì kò lè gbé ìṣẹ́jú márùn-ún, mo wá ń sáré kí iná tó tún lọ. Ubuntu bi mí bóyá kí òun bá Windows jókòó ni tàbí kí òun pa gbogbo dísíìkì rẹ́. Oorun ti kún ojú mi. Mo tẹ èyí tí kò yẹ kí n tẹ̀. Orí kìíní nìkan ni àdàkọ rẹ̀ wà lórí fíláàṣì mi.

Èmi kò sunkún, ṣùgbọ́n n kò jẹun. Lọ́jọ́ kejì mo yá dísíìkì kan, mo sì ṣí PhotoRec, ètò tó ń wá fáìlì tí a ti pa rẹ́. Ẹni tó bá pa dísíìkì rẹ́ ní wéréwéré, ojú ewé tí a to àkóónú sí nìkan ló ya kúrò lára ìwé, àwọn ewé yòókù ṣì wà níbẹ̀ títí ohun mìíràn yóò fi gùn wọ́n lórí. PhotoRec kò bìkítà fún àkóónú. Ó ń rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ń wá àmì tí oríṣi fáìlì kọ̀ọ̀kan fi ń bẹ̀rẹ̀, bí FF D8 tí fọ́tò JPEG máa ń ní. Àmọ́ orúkọ fáìlì kì í padà wá, lẹ́tà f àti òǹkà gbọọrọ ni yóò fi rọ́pò rẹ̀. Ó gbà mí ní wákàtí méje lórí jẹnẹrétọ̀. Kí n lè mọ èyí tó jẹ́ tèmi, dandan ni kí n ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Báyìí ni mo ṣe bá yín pàdé. Mo rí ajá dúdú kan tí yìnyín mù dé ikùn. Mo rí àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ fẹ́ rà fún ọjọ́ ìbí ọmọdé kan. Mo rí orúkọ yín, n kò sì ní kọ ọ́ síhìn-ín. Ó yẹ kí n máa ti fáìlì yín pa bí mo bá ti rí i pé kì í ṣe tèmi, ohun tí mo sì ṣe nìyẹn, àfi lórí lẹ́tà kan tí ẹ kọ sí onílé yín nítorí òrùlé tó ń jò. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ kọ ọ́. Ìbínú ló kún inú ti àkọ́kọ́, ẹ tilẹ̀ fi ilé ẹjọ́ halẹ̀. Nígbà tó fi máa di ẹ̀kẹrin, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ̀, ẹ sì sọ fún un pé ilé náà dára, pé ẹ kò fẹ́ kí òjò ba igi àjà rẹ̀ jẹ́. Mo ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán.

Orí kejì àti ìkẹta padà wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tí mo rí gbà nínú ìkẹta ti fi ọ̀sẹ̀ méjì gbó. Lẹ́yìn náà mo pa gbogbo ohun tó jẹ́ tiyín rẹ́ lórí dísíìkì tí mo yá, mo kọ òdo bo ojú rẹ̀ kí n tó dá a padà, mo sì ṣe bákan náà fún dísíìkì 500GB tó wà nínú ẹ̀rọ yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kí n tó tún fi Ubuntu sí i. Kò sí ẹni tó tún lè rí ajá yẹn níbẹ̀ mọ́.

Ohun tó ń tì mí lójú ni pé lẹ́tà ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ti wọ̀ mí lórí. Bí oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ ni mo kọ tèmi sí bàbá onílé wa ní Yorùbá. Mo kọ́kọ́ béèrè ìyá àwọn ọmọ, mo yin ilé náà, mo wá ní n kò fẹ́ kí òjò ba igi àjà bàbá jẹ́. Káfíńtà dé ní ọjọ́ kẹta pẹ̀lú páànù tuntun méjì.

Ṣé onílé tiyín dáhùn?

Èmi ni,
ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà yín.