Lẹ́yìn WAEC ńkọ́? Ta ló ń dúró de àwọn ọmọ wa níta?

Olóòtú,

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni mo mú ọmọ mi obìnrin lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan nínú ìlú Ìbàdàn yìí, níbi tí wọ́n ti ń gba orúkọ àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Adití ni ọmọ mi, ọmọ ọdún 19, ó sì ti jáde ìwé mẹ́wàá. Nígbà tó kàn wá, ó yọ ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó kọ orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́, ó gbé e sórí tábìlì. Akọ̀wé obìnrin tó wà níbẹ̀ fi ìka kan ṣoṣo ti ìwé náà padà. Kò kà á. Èmi ló kọjú sí: “Màmá, kí ló ń sọ? Ẹ ní kó sọ̀rọ̀.” Mo ní kì í gbọ́rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ohun tó kọ. Ó ní fọ́ọ̀mù ọwọ́ àwọn kò wà fún irú wọn, ká lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àkàndá. Ọ́fíìsì yẹn gan-an la ti lọ lọ́jọ́ Ajé, àwọn ló ní ká máa bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀!

Ọmọ mi kò bi mí pé kí ni wọ́n sọ. Ó ti rí i lójú obìnrin náà. Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó tì í bọ àpò.

Ohun tó ń dun èmi nìyí. Ọdún 12 gbáko ni mo fi rán ọmọ yìí níwèé. Nínú gbogbo ọdún yẹn, kò sí olùkọ́, kò sí òṣìṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ kankan, tó pè mí jókòó pé, “Ìyá, tí ọmọ yìí bá ṣe WAEC tán, ibo ló kàn?” Wọ́n gba owó ìdánwò, wọ́n ya fọ́tò ìdágbére, ó parí. Lẹ́yìn WAEC ńkọ́?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kóròpe lásán. Gbogbo wa la mọ̀ pé èèyàn á kígbe “Ó wà o!” kí dẹ́rẹ́bà tó dúró. Ọmọ tí kò lè kígbe ńkọ́? Tèmi a máa fọwọ́ gbá òrùlé ọkọ̀. Lọ́jọ́ kan ní Dùgbẹ̀, dẹ́rẹ́bà fò sílẹ̀, ó ń bú u pé ṣé ó fẹ́ fọ́ mọ́tò òun ni, àwọn èrò náà dá sí i, ọmọ dúró láàárín wọn, ó ń wo ẹnu tó ń ṣí tó ń pa dé, kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀. Èmi ni mo wá gé páálí, mo kọ orúkọ ibùdókọ̀ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, Àpáta, Dùgbẹ̀, Mọ́kọ́lá, Sángo, kó máa fi han dẹ́rẹ́bà kó tó wọlé. Ṣé èmi ìyá tí mò ń ta ẹ̀wà ló yẹ kí n ronú kan èyí, àbí ilé ìwé tó lo ọdún 12 lọ́wọ́ wọn?

Ìjọba àpapọ̀ ti ní láti ọdún 2011 pé kí gbogbo ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà mú iṣẹ́ ọwọ́ kan, ó kéré tán. Ọmọ mi mú Data Processing. Ó gba C4. Títí tó fi jáde, kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí ní ilé ìwé náà. Wọ́n ya kọ̀ǹpútà sójú pátákó, àwọn ọmọ dà á kọ.

Ọmọkùnrin aládùúgbò wa kan, afọ́jú ni, orí rẹ̀ pé gan-an. Ẹ̀rọ bíréèlì tó fi ń kọ̀wé, ti ilé ìwé ni. Ọjọ́ tó ṣe ìdánwò tó kẹ́yìn ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Látọjọ́ náà kò rí nǹkan kan fi kọ̀wé mọ́. Ẹni tó bá lójú, ó tó kí ó ro ó wò: kí wọ́n gba gbogbo báírò ayé lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Òfin kò ṣàìsí. Oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ya àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀. Ẹni tó bá ṣe é, ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́, ₦1,000,000. Òfin náà ní kí wọ́n fi ìdá 5 nínú 100 iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ fún wọn. Ó fún àwọn ilé ìjọba ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà wọlé; gbèdéke yẹn ti kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì tí mò ń sọ yìí wà, àtẹ̀gùn nìkan ló sì débẹ̀. Àwọn ọ̀gá wa gbé òfin sínú fáìlì, wọ́n jókòó lé e.

Kí wọ́n má sì sọ pé kò sí ẹni tó gbọ́ èdè àwọn ọmọ yìí. Ọdún 1960, ọdún òmìnira gan-an, ni Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà tí òun alára jẹ́ adití, dá ilé ìwé àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn níbí. Ó lé ní 60 ọdún tí ìlú yìí ti ń rí ọmọ tó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀. Yunifásítì Ìbàdàn ń kọ́ àwọn olùkọ́ wọn, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó wà fún irú ẹ̀kọ́ yìí ní Ọ̀yọ́ náà ń kọ́ wọn. Kí ló dé tí kò fi sí ẹyọ ògbufọ̀ kan ní ibi tí wọ́n ti ń gba orúkọ ọ̀dọ́? JAMB ti ya ìgbìmọ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn afọ́jú tó ń ṣe ìdánwò wọn láti 2017. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, ó ṣe é ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ kí ìjọba Ọ̀yọ́ ṣe ni pé, láti SS1, kí ọmọ àkàndá kọ̀ọ̀kan ní ìwé ètò tirẹ̀. Kí òbí, olùkọ́ àti ọmọ náà fúnra rẹ̀ jọ jókòó kọ ọ́: kí ló fẹ́ ṣe, ta ni yóò kọ́ ọ, báwo ni yóò ṣe máa lọ tí yóò máa bọ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin wọn ní kí irú ètò yìí ti wà nílẹ̀ kó tó di pé ọmọ lé ní ọdún 16, kí ilé ìwé sì pe ọmọ náà síbi ìpàdé. Tiwa kò ní le rárá, torí a ti ní ìkọ́ṣẹ́ láti ayébáyé. Kí wọ́n lọ bá ẹgbẹ́ télọ̀, ẹgbẹ́ onídìrí, ẹgbẹ́ àwọn tó ń tún fóònù ṣe níbi ìpàdé wọn, kí wọ́n wá ọ̀gá fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àdúgbò rẹ̀. Gbogbo ìsinmi gígùn, SS1 àti SS2, ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ ni. Tó bá ṣe WAEC tán, kó lọ parí rẹ̀, kí wọ́n ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún un bíi tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Mo rí i pé ó ṣe é ṣe. Lẹ́yìn ìdánwò, mo fi ọmọ mi sọ́dọ̀ télọ̀ kan ní Àpáta fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ̀rù ń ba obìnrin náà pé báwo làwọn yóò ṣe máa sọ̀rọ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù fi ní èdè tiwọn: wọ́n á fi ọwọ́ wọ́ àyà já tí wọ́n bá ń bèèrè téèpù, wọ́n á fi ìka méjì gé afẹ́fẹ́ fún síṣọ́ọ̀sì. Ọmọ mi a tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ. Bí ẹ̀rọ bá ṣe ń gbọ̀n ló fi ń mọ̀ pé nǹkan fẹ́ yí padà kí òwú tó já. Àwọn tó ń gbọ́ ìró rẹ̀ kò tètè mọ̀ tó o. Ìparí ọdún ni télọ̀ yẹn kó lọ sí Èkó, ìdí nìyẹn tí a fi ń wá fọ́ọ̀mù kiri.

Kí ilé ìwé jẹ́ kí àwọn afọ́jú mú ẹ̀rọ bíréèlì wọn lọ sílé. Kí àwọn báńkì náà yé sọ pé dandan ni káwọn pe adití lórí fóònù.

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, a óò padà sí ọ́fíìsì yẹn. Ọmọ mi ti tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ sójú ìwé tuntun. Ó ní kí n má bá òun wọlé, kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá ọlọ́mọ kan,
Àpáta, Ìbàdàn.