Déọlá fẹ́ lọ wo Ojúde Ọba

Peckham, Lọ́ńdọ̀nù
16 oṣù kejì, 2025

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Mo gbọ́ pé yìnyín bọ́ ní Houston lóṣù tó kọjá. Ẹ kú òtútù o!

Ọ̀rọ̀ ìsinmi ilé wa ni mo fẹ́ fi pa ọ́ lẹ́rìn-ín. O rántí pé ọdún mẹ́rin gbáko ni Bàbá Déọlá fi ń bẹ àwọn ọmọ ká jọ lọ sílé, tí Déọlá ń fi ẹ̀fọn àti iná mànàmáná ṣe àwáwí. Àfi bó ṣe rí ọdún Ojúde Ọba ti Ìjẹ̀bú-Òde lórí fóònù lọ́dún tó kọjá: Farooq Oreagba lórí ẹṣin, awò dúdú lójú, sìgá ńlá lọ́wọ́. Ọmọ ọdún 15 bá di ọmọ Ìjẹ̀bú paraku! Ó ti mọ orúkọ àwọn ẹgbẹ́ régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà, jù mí lọ.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, Iléyá ọdún yìí á sì tó nǹkan bí 6 oṣù kẹfà, nígbà tí àwọn ọmọ á ti wọlé padà lẹ́yìn ìsinmi ráńpẹ́. Tá a bá yọ wọ́n nílé ìwé fún ọ̀sẹ̀ kan, ìtanràn £80 ni lórí ọmọ kan, lọ́wọ́ òbí kọ̀ọ̀kan. Ọmọ méjì, òbí méjì: £320. Tí ọjọ́ 21 bá kọjá tá ò san, ó di ìlọ́po méjì. Bàbá wọn ní òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí.

Ọmọ òyìnbó tó múlé tì wá, ọmọ ọdún 14, kọ iye owó ọkọ̀ òfuurufú sínú ìwé, ó gbé e wá sídìí tábìlì oúnjẹ, ó ní kí gbogbo ilé dìbò. Wọ́n sì dìbò! Bàbá fìdí rẹmi. Déọlá tèmi ò jẹ́ dán ìyẹn wò. Màmá Ìjẹ̀bú ló pè lórí WhatsApp. Mo ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnì: ó kúnlẹ̀ síwájú fóònù, ó ní, "Màmá, àárò yín ń sọ mí." Kò dárúkọ ẹṣin rárá. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, Màmá pe ọmọ wọn, Bàbá Déọlá: "Ṣé ìgbà tí mo bá kú lo tó máa kó wọn wá?" Ó mẹ́nu ba owó ìtanràn, Màmá ní àwọn á yọ ọ́ nínú owó àgbò.

Nígbà tiwa, wọ́n á kàn ní ká di ẹrù ni. Àmọ́ má purọ́ o, ta ló máa ń rán ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ níṣẹ́ tó bá fẹ́ lọ sí Èkó?

Bàbá wọn ti ń wá tíkẹ́ẹ̀tì. Àbúrò Déọlá wá ní òun ò ní wọ agbádá àfi tóun bá gun ẹṣin. Jọ̀wọ́, bá mi bi ọkọ rẹ, ṣé ẹbí wọn ṣì ń gun ẹṣin ní Ojúde Ọba?

Èmi ni tìrẹ,
Ìyá Déọlá