Ẹ bi oníbàárà kẹ́ ẹ tó sanwó sẹ̀tífíkéètì

Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀rọ̀ àwa tá à ń sá èso n'Íbàdàn ńbí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbé síta, pàápàá àwọn tó fẹ́ máa kó máńgòrò àti ọ̀pẹ̀yìnbó gbígbẹ lọ sókè òkun. Àwọn ẹ̀jẹ́ǹtì ti pọ̀ jù, kálukú ló ní sẹ̀tífíkéètì tó fẹ́ báayàn gbà, wọn ò dẹ̀ ní bi yín pé orílẹ̀-èdè wo lẹ̀ ń gbẹ́rù lọ.

Obìnrin kan wà ní Mọ́níyà tí wọ́n bá gba ISO 22000, sẹ̀tífíkéètì ètò ààbò oúnjẹ, ojúlówó ni o, ó fi sínú gíláàsì ó gbé e kọ́ sára ògiri, àfi ìgbà tí oníbàárà ẹ̀ ní Jámánì sọ pé ọ́gáníìkì nìkan, ìyẹn èyí tí wọ́n gbìn láìlo kẹ́míkà àtọwọ́dá, lòun ń tà. Ọ́gáníìkì kì í dẹ̀ ṣe ohun téèyàn ń wá nígbà téso ti wà nínú ọ̀rá, látoko ló ti ń bẹ̀rẹ̀, igi bíi máńgòrò máa ń lo ọdún 3 lábẹ́ àyẹ̀wò kí EU, ìyẹn àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, tó gbà á. Ta ló fẹ́ dá owó yẹn padà fún un báyìí?

Tìjọba ò ṣe é yẹ̀: NEPC tó ń rí sí ọjà tá à ń kó lọ sókè òkun, NAFDAC, àti ìwé NAQS, àjọ tó ń yẹ irè oko wò, fún ẹrù kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn kàn ń jẹ́ kẹ́rù jáde nílé ni, oníbàárà ló máa sọ èyí tóun fẹ́. Súpámákẹ́ẹ̀tì UK sábà máa ń bèèrè BRCGS, sẹ̀tífíkéètì ààbò oúnjẹ míì, ṣọ́ọ̀bù kékeré lè ní HACCP, ìyẹn ètò téèyàn fi ń dènà ewu nínú oúnjẹ, pẹ̀lú èsì láàbù ti tó.

Ẹ má fojú kéré láàbù yẹn o. Máńgòrò tó gbẹ lójú tínú ẹ̀ ṣì rọ̀ á bu nínú ọ̀rá, ibẹ̀ ni aflatoxin, májèlé tó ń wá látinú bíbu yẹn, ti lè wọlé, EU ò dẹ̀ gbà ju máíkírógíráàmù 4 lọ nínú kílò kan èso gbígbẹ tí wọ́n máa jẹ bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ rántí ẹ̀wà wa tí wọ́n fòfin dè lọ́dún 2015 torí oògùn apakòkòrò dichlorvos?

Ti Amẹ́ríkà ló ń bí mi nínú jù. Wọ́n ń ta "sẹ̀tífíkéètì FDA", ìyẹn àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn lọ́hùn-ún, fáwọn èèyàn wa, bẹ́ẹ̀ FDA kì í fún ilé iṣẹ́ oúnjẹ ní sẹ̀tífíkéètì torí pé ó forúkọ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ dẹ̀ ni wọ́n ń forúkọ ọ̀hún sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pe NEPC àti NAQS kí wọ́n wá ṣàlàyé nínú ìwé ìròyìn yín, lédè Yorùbá, orílẹ̀-èdè kan lọ́sẹ̀ kan, káwọn ìyá wa tó ń sá èso lè kà á kí máńgòrò tún tó jáde.

Èmi ni,
Ẹnìkan tó ń sá èso, Ìbàdàn